Máàkì Mẹ́fà lórí Ráíbósóòmù

Ní ọdún 1989, nígbà tí ìjọba ń já olùkọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń já ewé ẹ̀kọ, kò sí ohun tí Lucy Ọmọ́tọ́ṣọ́ ń wá láyé ju ìbuwọ́lù kan ṣoṣo lọ.

Ìkàrẹ́ ni ó ti wá. Yàrá kan ni ó háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní ilé-ìwé gírámà kan ní Ìgándò. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń wo olùkọ́ tuntun láyé ìgbà náà, bí ìyá ọkọ ṣe ń wo ìyàwó. Bí ọdún méjì bá pé, ọ̀gá tó wà lórí rẹ̀ yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kan, iṣẹ́ náà yóò sì di tirẹ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Bí ọ̀gá bá kọ̀ tí kò buwọ́ lù ú, kí onítọ̀hún ká aṣọ rẹ̀ sí báàgì ló kù. Ti Lucy ku oṣù mẹ́ta.

Ọ̀gá náà ni Ọ̀gbẹ́ni Julius Ọláfimíhàn, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò ní onísùúrù ni. Ṣùgbọ́n odò tí kì í hó, òun náà ni í gbé ọmọ lọ. Nóòtù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti ń kà fún àwọn ọmọ láti bí ogún ọdún. Yóò jókòó sórí àga, yóò máa pè é. Lucy yóò máa kọ ọ́ sójú pátákó. Àwọn ọmọ yóò máa dà á kọ. Ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ lé, ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín.

"Bí ẹni yá ìkòkò ni," ni ó máa ń wí. "Bí mo ṣe fún yín ni kẹ́ ẹ dá a padà fún mi. Ẹ má bù sí i, ẹ má fọ́ ọ létí."

Òfin mìíràn tún wà. Ẹni tó bá máàkì ìdánwò, òun náà ni yóò na ẹni tó bá kùnà nínú rẹ̀. Máàkì kan tó bá bọ́, ẹgba kan. Ó ní ọwọ́ tó bá lè mú bírò pupa kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀lẹ láti mú pàṣán. Lucy ló sì ń máàkì.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, kíláàsì SS2 kún fọ́fọ́, ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọláfimíhàn ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè:

"Núkílíọ́sì ni olórí sẹ́ẹ̀lì. Inú rẹ̀ ni gbogbo àṣẹ wà. Awọ méjì ló bò ó, ihò sì wà lára awọ náà. Inú núkílíọ́sì yìí kan náà ni ráíbósóòmù ń gbé, ibẹ̀ ni ó sì ti ń ṣe púrótíìnì. Àmì ìdánudúró."

Lucy kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, nǹkan kan ta á lọ́kàn bí ìgbà tí òkúta kékeré bá wà nínú bàtà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti mọ́ ọn lára, ọwọ́ ń sáré lọ. Kó tó yíjú padà, ọmọbìnrin kan ti na ọwọ́ sókè ní ìlà kẹta. Adébùnmí ni wọ́n ń pè é. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀ ní Ìkòtún.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi mú bọ̀ láti Yábàá sọ pé ìta núkílíọ́sì ni ráíbósóòmù ti ń ṣiṣẹ́, sà."

Ọláfimíhàn pa ìwé dé, ó fi ìka kan há a láàárín.

"Kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Adéolú, sà."

"Adéolú ni yóò ṣètò ìdánwò fún ọ?"

"Rárá, sà."

"Adéolú ni yóò kọ èsì rẹ jáde?"

"Rárá, sà."

"Ẹ bá mi kí àbúrò Dókítà Adéolú," ni ó wí fún kíláàsì, jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣúre.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà!" ni wọ́n hó lé e lórí. Aláwàdà kan wà ní ẹ̀yìn tó ń jẹ́ Olúgbénga. Ó ní, "Dókítà abẹ́rẹ́ ìránṣọ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń ró.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọláfimíhàn ní kí Adébùnmí lọ kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú kíláàsì, kí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ó máa wò bóyá ráíbósóòmù yóò jáde wá bá a níta. Agogo mẹ́sàn-án ni. Ìgbà tí wọ́n lu aago ìsinmi ni ó dìde. Ọmọ yòówù tó bá ń lọ tọ̀, dandan ni kó dúró, kó tẹrí ba, kó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà." Ọláfimíhàn ń gba ojú fèrèsé wò wọ́n, kí wọ́n má baà fò ó.

Bí Lucy ti délé, ó ṣí ìwé tó fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò wá a pẹ́. Ọmọ náà ló tọ̀nà.

Ní ọjọ́ kejì, ó pè é sẹ́yìn táǹkì omi. Orúnkún Adébùnmí ti bó, ó fi kírísíìnì pa á, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn.

"Adébùnmí, o tọ̀nà o."

"Lóòótọ́, Àǹtí?"

"Mo wò ó nínú ìwé. Àṣẹ tó wà nínú núkílíọ́sì kì í jáde. Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ, ẹ̀dà yẹn ló ń gba inú ihò bọ́ síta. Ìta níbẹ̀ ni ráíbósóòmù ti ń kà á, bó bá sì ṣe kà á ni yóò máa to púrótíìnì jọ, ohun tí ara fi ń di ara."

Ojú ọmọ náà là. "Àǹtí, bíi ti ìyá mi ni! Pátánì wọn wà nínú àpótí ní yàrá, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé e jáde. Wọ́n á yà á sórí ìwé ìròyìn, ìyẹn ni wọ́n á kó fún àwọn ọmọṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn yẹn ló ń rán an."

"Àwọn ọmọṣẹ́ yẹn gan-an ni ráíbósóòmù."

"Tí wọ́n bá wá yà á ní wíwọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á rán an ní wíwọ́. Ráíbósóòmù kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tó bá kà ló ń ṣe."

"Ibo làwọn náà ti wá?"

"Inú núkílíọ́sì náà ni. Ojú ibì kan ṣókùnkùn níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara wọn kí wọ́n tó bọ́ síta."

"Bí ìgbà tí wọ́n to ẹ̀rọ ìránṣọ nínú yàrá, tí wọ́n wá gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Kò yàtọ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá ti ṣì í. Ilé tí wọ́n bí wọn sí ni ó pè ní oko tí wọ́n ń ro."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Adébùnmí wá rọra béèrè pé, "Nínú ìdánwò ńkọ́, Àǹtí? Èwo ni kí n kọ?"

Ibí yìí ni ó yẹ kí Lucy ti kó ahọ́n rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí ẹnì kan ti wò ó bí ọmọ náà ṣe ń wò ó.

"Òótọ́ ni kí o kọ," ni ó wí. "Ṣebí èmi náà ni n ó máàkì rẹ̀?"

Wọ́n ṣe ìdánwò ní ọjọ́ Wẹ́sidé. Ìbéèrè mẹ́wàá, mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ ti ráíbósóòmù. Ní ọjọ́ Tọ́sidé, Lucy gbé ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó wọ yàrá àwọn olùkọ́. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa: yóò sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, yóò fi ọ̀wọ̀ sí i, kò ní dójú ti àgbà. Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, olùkọ́ ìṣirò, wà níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà.

Ọláfimíhàn gba ìwé. Ó kà á, ó fi ìka tẹ̀ lé e. Ìka náà dúró sójú ìlà kan. Lucy rí i pé ó yé e. Kò sí àní-àní níbẹ̀. Ó pa ìwé dé.

"Ìwé yín dára, Mísì. Ta ló kọ ọ́?"

"Òyìnbó kan ni, sà."

"Òyìnbó náà ni yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yín, àbí?"

Báyọ̀dé bú sẹ́rìn-ín, èèpo ẹ̀pà fò jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, Ọ̀gá! Ìmọ̀ ló ń gùn ún. Bọ́dún bá di márùn-ún, á bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ jàre."

"Ẹ má bínú, sà," ni Lucy wí. "Mo kàn rò pé kó tó di pé àwọn alábẹ̀wò ìjọba dé, kí a tún un ṣe."

"Ẹ ṣeun. Ṣé kí n bi yín ní nǹkan? Ta ló kọ nóòtù yẹn sójú pátákó?"

"Ẹ̀yin lẹ pè é, sà."

"Mi ò bèèrè ẹni tó pè é."

Lucy wo Báyọ̀dé, ìyẹn ń bó ẹ̀pà.

"Ẹ jókòó," ni Ọláfimíhàn wí, ó sì na bírò sí i. "Ẹ jẹ́ kí n pe ìdáhùn tí ẹ ó fi máàkì fún yín. Ẹ máa kọ ọ́."

Ó pè é láti orí ìkíní dé ìkẹwàá. Lucy kọ ọ́. Ní ìkẹta, níbi tí ráíbósóòmù ti bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú sókè. Ọláfimíhàn dúró dè é, pẹ̀lú sùúrù, títí ó fi tún tẹ ojú mọ́lẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní, "N ó wo bí ẹ ṣe máàkì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni n ó wo fọ́ọ̀mù." Kò dá ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ padà, Lucy náà kò bèèrè. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, yóò jẹ ìgbẹ́.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó jókòó síwájú ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó kó ìwé ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta lé itan. Ó ń sàmì ó tọ̀nà sí irọ́, ó ń sàmì sí i, ó ń sàmì sí i. Irọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, àmì ìdánudúró kan náà. Ìwé Adébùnmí ni ìkọkànlélọ́gbọ̀n. Ọmọ náà ti kọ òótọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó dúró ṣánṣán, àní ó tilẹ̀ fi kún un pé púrótíìnì á wọ́ bí ẹ̀dà tí wọ́n kà bá wọ́. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó ń kọ ọ́. Èèyàn lè rí i lára ìlà.

Lucy ro ó pé òun á ní ìwé náà sọnù. Ọláfimíhàn ti ka iye wọn. Ó ro ó pé òun á fún un ní márùn-ún. Ọláfimíhàn yóò wò ó. Ó wá rántí ìyá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, tó ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ti di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó. Ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ kí a tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Ó fa àmì kò tọ̀nà mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ó buwọ́ lù ú.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ọláfimíhàn gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Àwọn kan jẹ ẹgba kan, àwọn kan jẹ méjì. Wọ́n pe Adébùnmí kẹ́yìn. Nígbà tó rí ìwé rẹ̀, ó kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni. Ó yí i wò lẹ́yìn bóyá máàkì tó kù wà níbẹ̀. Ó wá wo ojú Lucy.

"Ẹgba mẹ́fà," ni Ọláfimíhàn wí. "Mísì, ẹ gbéra."

Lucy nà án ní ẹ̀ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń lé eṣinṣin.

"Ìyẹn kò wọlé. Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

Ó nà án ní ẹ̀ẹ̀mẹta tó dún. Ìkẹrin tún rọ̀.

"Ó ti bàjẹ́. Láti orí ìkíní."

Kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà kẹta, Lucy ti mọ̀ pé àánú òun ló ń sọ ẹgba di púpọ̀. Ó di eyín mọ́ra, ó gbé ọwọ́ sókè dáadáa, ó nà án ní mẹ́fà tó pé, bí ẹni tó kórìíra rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù láti ṣàánú rẹ̀ nìyẹn. Adébùnmí kò sunkún. Mọ́kànlá ni gbogbo ohun tó jẹ.

"Dúpẹ́ lọ́wọ́ Mísì."

"Ẹ ṣé, ma," ni ó wí. Kò pè é ní Àǹtí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí Lucy bèèrè fọ́ọ̀mù, Ọláfimíhàn ní iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Kí alábẹ̀wò kọ́kọ́ wá, kí ó lọ, òun yóò buwọ́ lù ú lọ́jọ́ náà gan-an.

Alábẹ̀wò dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Alhájà Sìdíkátù Àlàó ni, obìnrin kúkúrú kan tó wọ ìbòrí funfun, tí bàtà rẹ̀ kì í dún. Ó wọ SS2, ó kí wọn, ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Níbo nínú sẹ́ẹ̀lì ni ráíbósóòmù ti ń ṣe púrótíìnì?"

Ọwọ́ márùndínláàádọ́ta lọ sókè. Olúgbénga ló ní kó dáhùn: "Nínú núkílíọ́sì, ma!"

"Ta ló ní ìdáhùn mìíràn?"

Kò sẹ́ni tó ní. Alhájà ní kí wọ́n kó ìwé ìdánwò wá. Ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ń le sí i. Ó kan ti Adébùnmí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló kọ èyí?"

Adébùnmí dìde.

"Ìwọ nìkan lo gbà á. Ìwọ nìkan ni wọ́n sàmì kò tọ̀nà sí." Ó yíjú. "Ta ló máàkì rẹ̀?"

"Mísì Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni, Alhájà," ni Ọláfimíhàn wí. "Tuntun ni wọ́n."

"Ta ló kọ nóòtù yìí sójú pátákó?"

"Mísì ni, ma!" ni kíláàsì dáhùn, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan.

Kò sẹ́ni tó purọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó ba Lucy nínú jẹ́ jù nìyẹn, nígbà tó bá jókòó tó ń rò ó. Ó ní, "Alhájà, Ọ̀gá ló pè é. Àwọn náà ló pe ìdáhùn tí mo fi máàkì."

"Ṣé ó di ọwọ́ yín mú ni? Ẹ mú ìdáhùn náà wá kí n rí i." Wọ́n mú un wá. Ọwọ́ Lucy ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Alhájà tú u wò, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. "Ẹ gbọ́, Mísì. Ẹni tí kò bá mọ̀, a máa ń rán an lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣé ẹ kò mọ̀ ni?"

Ọ̀nà là. Ojú Ọláfimíhàn wà nílẹ̀. Bí Lucy bá ní òun kò mọ̀, ó bọ́. Ó la ẹnu láti wí i.

"Wọ́n mọ̀, ma," ni Adébùnmí wí.

Ó dúró bí ẹni ń ka àkọ́sórí.

"Lẹ́yìn táǹkì omi ni wọ́n ti sọ fún mi pé mo tọ̀nà. Àwọn ló ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n máa máàkì rẹ̀. Wọ́n wá nà mí lẹ́gba mọ́kànlá, ma."

Ọláfimíhàn mi orí, ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Háà, Mísì," ni ó wí. "Ẹ mọ̀?"

Alhájà pa bírò rẹ̀ dé. Títí di ìgbà yẹn, "ẹ" ni ó ń pe Lucy.

"O mọ̀," ni ó wí. "O mọ̀, o sì nà án."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà òtítọ́ tà ní Ìgándò, orí Lucy ni wọ́n sì ná an.

Ìwé dé kí oṣù tó parí. Wọ́n ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìsinmi bá bẹ̀rẹ̀. Ọláfimíhàn fúnra rẹ̀ ló mú un wá bá a lórí àga, ó sì bá a kẹ́dùn.

"Àwọn ilé-ìwé aládàáni kan wà lọ́nà Ìṣẹ̀rí-Olófin. Mo mọ àwọn tó ni wọ́n. Mo lè kọ ìwé tó dára fún yín, pé ọmọ dáadáa ni yín, tó ń gbọ́ràn. Ẹ jẹ́ ká kàn fi ìrọ̀rùn parí táàmù yìí."

"Ẹ ṣé, sà."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Ọláfimíhàn ní kí SS2 fi rúlà fa ìlà pa nóòtù ti oṣù kejì rẹ́. Ó jókòó sórí àga. Lucy mú ṣọ́ọ̀kì, ó dúró.

"Ráíbósóòmù kò sí nínú núkílíọ́sì," ni Ọláfimíhàn pè. "Ìta ni ó ti ń ṣe púrótíìnì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń wí. Ìta náà ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀. Kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú inú núkílíọ́sì rárá. Àmì ìdánudúró."

Ṣọ́ọ̀kì dúró lójú pátákó. Irọ́ mìíràn tún dé, nítorí inú núkílíọ́sì ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀. Lucy yíjú sẹ́yìn. Orí márùndínláàádọ́ta ti tẹ̀ bọ ìwé, wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ tó kù. Adébùnmí nìkan ni kò tẹ orí. Kò wo pátákó, kò wo Ọ̀gá. Lucy ni ó ń wò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí tábìlì.

Kí ló tún kù tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ Lucy? Wọ́n ti gba iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́, ṣùgbọ́n yóò gbọ́. Ohun tó kù ò ju ìwé kan lọ, tí Ọ̀gá lè kọ, tí ó sì lè má kọ.

"Mísì," ni Ọláfimíhàn wí, jẹ́jẹ́, "àwọn ọmọ ń dúró."

Lucy kọ ọ́, gbogbo rẹ̀, títí kan àmì ìdánudúró. Ó wá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i.